Ohùn Inú Ìda àti Ewúrẹ́ Tó Wọ Rélùwéè

Ó ti pé ọdún mẹ́ta àti oṣù méjì tí mo fi Mowe sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo jáde nílé, ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí Ìtùnú, ọmọ mi kan ṣoṣo, pé ọmọ ọdún méjì. Ó ń sùn. Ìyá rẹ̀ ní kí n jí i kí n dágbére fún un, mo ní rárá, ọmọ tí wọ́n bá jí ní ìdájí tó sì sunkún, ibà lè dá a. Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Bóyá ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣì í.

Kí ẹni tó ń kà á má baà rò pé aláṣejù ni mí, ó yẹ kí n sọ èyí. Nígbà tí Ìtùnú wà lọ́mọ oṣù mẹ́wàá, gìrì mú un. Ojú rẹ̀ yí sókè, ó gan mọ́ mi lọ́wọ́. Mo gbé e gun ọ̀kadà láti àdúgbò wa dé ilé ìwòsàn kan lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún gbáko, mo sì ń pe orúkọ rẹ̀ sí i létí ní gbogbo ọ̀nà. Ó yè é. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹni tó ń ka iye ìgbà tí ọmọ wúkọ́. Iṣẹ́ télọ̀ ni mo sì ń ṣe kí n tó kúrò nílé. Wíwọn nǹkan dáadáa kí n tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní ìlú tí mo dé, ìlú olókè kan ní àríwá England, kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ni. Ní Mowe, bí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bá kú, ara wa á fura. Níbí, mo lè rìn láti ilé dé ibùdókọ̀ kí n má gbọ́ ju ìró bàtà ara mi lọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo kí obìnrin kan tó ń bọ̀ lókèèrè pé ẹ káàárọ̀ mà. Ó bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí.

Iṣẹ́ tí mo rí ni kí n máa tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì láti ilé kan dé òmíràn, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́dọ̀ ẹnì kan, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Mo máa ń wẹ̀ wọ́n, mo máa ń fún wọn ní oògùn, mo sì máa ń kọ gbogbo ohun tí mo bá ṣe sínú ìwé tó wà nílé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá wa obìnrin ní òun kò tíì rí òṣìṣẹ́ tó kọ ọ́ rí pé, "Ó mu tíì, ó ku ìdá kan nínú mẹ́rin nínú kọ́ọ̀bù." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú fún odidi ọjọ́ méjì.

Ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni mo máa ń pe ilé.

"Ìtùnú, ṣé o ti jẹun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Kí lo jẹ?"

"Ìrẹsì."

"O fọwọ́ kó o tó jẹ ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn yẹn ńkọ́? Ṣé kò tíì ya?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Ó ya àbí kò ya?"

Màá béèrè ẹni tó ń mú un sọdá títì. Màá béèrè bóyá imú rẹ̀ ń dà. Kí n tó dé ìbéèrè kẹjọ, màá gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ti ń jìnnà: "Mọ́mì, ẹ gba fóònù yín."

Ní ọjọ́ Àìkú kan báyìí, ìyàwó mi gbé fóònù, mo sì gbọ́ ọmọ náà lẹ́yìn, ketekete, bí ìgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: "Ẹ sọ fún wọn pé mo ti sùn."

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Oòrùn Mowe ṣì mú.

Ìyàwó mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Ìbàfò, kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. "Dádì Ìtùnú, ẹ má bínú," ó ní. "Mi ò ní fipá mú un mọ́. Bí fóònù bá ti dún báyìí, abẹ́ tábìlì ló ń sá wọ̀. Bí ẹ ṣe ń bá a sọ̀rọ̀, bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá mú olè dé téṣàn ni."

"Àlàáfíà rẹ̀ ni mò ń béèrè, àbí kí ni?"

"Èmi mọ̀. Òun ò mọ̀. Ọmọ ò mọ ojú yín, ohùn yín nìkan ló mọ̀, ohùn náà sì ti di asọ̀rọ̀mágbèsì."

Rádíò ni àwọn àgbà ń pè bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín kó má baà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mi ò fi gbọ́ ohùn ọmọ mi. Mo gbà pé tí mi ò bá wá nǹkan ṣe, ọjọ́ tí mo bá padà dé ẹnu ọ̀nà wa, màá rí ọmọbìnrin kan tó máa kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, tó sì máa sá lọ sí ilé aládùúgbò.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ni wọ́n fi ilé bàbá kan kún iṣẹ́ mi. Kọ́lìn ni orúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí mo ṣe ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo nínú pálọ̀: "Kì í ṣe èmi!" Mo sáré wọlé. Bàbá náà nìkan ló jókòó, níwájú ẹ̀rọ kan tó ní ìwo gbàǹgbà lẹ́nu, irú èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní gíramafóònù, ṣùgbọ́n èyí dàgbà ju ti àwọn bàbá wa lọ. Ó gbọ́wọ́ sókè pé kí n dákẹ́. Ariwo kan ń jáde láti ẹnu ìwo náà bí ìgbà tí wọ́n ń dín àkàrà, nínú ariwo náà ni ohùn ọkùnrin tín-ín-rín kan ti ń kọrin pé ta ló jẹ páì ìyàwó àlùfáà. Olórin náà dákẹ́. Bàbá lọgun, "Kì í ṣe èmi!" Orin tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dákẹ́. "Kì í ṣe èmi!"

Mo fi ara balẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé: "Ó ń dá sọ̀rọ̀. Kí nọ́ọ̀sì wá wò ó."

"Kí lo kọ síbẹ̀?" bàbá bi mí.

Mo kà á fún un, nítorí mi ò lè purọ́ fún àgbàlagbà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, mo sì ka iye rẹ̀, ẹ̀ẹ̀márùn-ún.

"Bàbá bàbá mi ló ń kọrin yẹn," ó ní. "Ó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá rẹ."

Ó ní láyé ìgbà yẹn, gbọ̀ngàn orin pọ̀ káàkiri ìlú náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ á jókòó síbẹ̀, wọ́n á mu bíà, olórin ẹlẹ́fẹ̀ á jáde sí wọn pẹ̀lú fìlà gogoro. Olórin á lé, èrò á gbè. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n ké sí bàbá bàbá rẹ̀ kó wá kọrin sínú ìda, irú ohun tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là. Ìda náà ló fi hàn mí: ó dúdú, ó dán, ó rí bí agolo mílíìkì tí wọ́n gé orí àti ìdí rẹ̀ dànù. Orin kọ̀ọ̀kan kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ó ní kí n máa pe òun ní Kọ́lìn. Ẹni tó ju bàbá mi lọ! Mo gbìyànjú, ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo pè é ní Sà Kọ́lìn. Ó ní àwọn tí ọba fi jẹ oyè nìkan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní ìlú àwọn, ọba kò sì mọ̀ pé òun wà láyé. Mo ní èmi mọ̀. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo hu ìwà tí ojú fi tì mí títí di òní. Bàbá sùn lórí àga, mo sì ń nu erùpẹ̀ orí àpótí àwọn ìda náà. Mo ṣí ọ̀kan wò. Ara rẹ̀ ti funfun, ó gbẹ háúháú, bí awọ ọmọ tí wọn kò fi ìpara pa nígbà ọyẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, n kò purọ́. Òrí tí ìyá ìyàwó mi fi ránṣẹ́ láti Ìfọ̀ wà nínú báàgì mi, òun ni mo fi ń pa ọwọ́ nítorí òtútù. Mo bu díẹ̀ sí aṣọ tó mọ́, mo sì fi pa ìda náà yíká, mi ò fo ibì kankan, títí tó fi ń dán bí orí ọmọ tuntun. Nígbà tí bàbá jí, mo gbé e fún un tayọ̀tayọ̀.

Ojú rẹ̀ pọ́n, lẹ́yìn náà ó funfun.

"Kí lo fi pa á?"

"Òrí, sà. Ọyẹ́ ti mú un. Ara àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ la máa ń fi pa."

Ó gbé e sórí ẹ̀rọ. Ohun tó jáde dà bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi. Ó pa ẹ̀rọ náà. Ó rọra ṣàlàyé fún mi pé funfun yẹn kì í ṣe gbígbẹ, irú nǹkan tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́ ni, kò sì sí ohun tó burú fún ìda bí òróró. Àwọn ilà tín-tìn-tín tó yí i ká ni ohùn fúnra rẹ̀. Mo ti fi òrí dí wọn.

Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá rò pé mo dákú. Ó tẹ agogo pàjáwìrì tó so mọ́ ọrùn rẹ̀, ohùn obìnrin kan sì jáde láti inú àpótí ara ògiri: "Kọ́lìn, ṣé o ṣubú ni?"

"Ara tèmi le," bàbá ní. "Ẹni tó ń tọ́jú mi ló ṣubú!"

"Mi ò ṣubú," mo ní láti ilẹ̀, "mò ń bẹ̀bẹ̀ ni."

Ó gbà wá ní ìṣẹ́jú mẹ́rin kí obìnrin náà tó gbà pé kò sí ẹni tó nílò ọkọ̀ aláìsàn.

Mo mú ìwé, mo kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra mi: "Mo fi òrí pa ohùn bàbá bàbá rẹ̀." Bàbá gbà á, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kò sẹ́ni tí yóò mọ ìtumọ̀ èyí ní ọ́fíìsì yín," ó ní. Ó wá sọ ohun tí mi ò mọ̀ fún mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe lè fi ìda kan ṣe ẹ̀dà òmíràn dáadáa, nítorí náà orin kan náà ni olórin á máa kọ láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, á máa kọ ọ́ sínú ìda kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni orin páì wà nínú àpótí yẹn, ó ku méjì tí òrí mi kò kàn. "Jókòó," ó ní, "kí n kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń gbé e, kó o má baà tún fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ lọ́la."

Ìka méjì ni wọ́n ń kì bọ inú ihò rẹ̀, wọ́n á yà wọ́n díẹ̀ bí ẹnu sísọ́ọ̀sì, a kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ara rẹ̀ lóde. Ìka télọ̀ kò wárìrì. Láàárín oṣù kan, bàbá ò gbé ìda kankan fúnra rẹ̀ mọ́. "Ọwọ́ rẹ ló dára jù nínú ilé yìí," ó ní. Ilé tó jẹ́ pé àwa méjì péré la wà níbẹ̀, síbẹ̀ mo gbéra ga.

Mo máa ń ronú nínú bọ́ọ̀sì nípa ohun tí wọ́n ń pè ní ìlú ẹni. Mowe tí mò ń ṣàárò yìí, ta ni ọmọ ibẹ̀ nínú wa? Èkó ló lé ọ̀pọ̀ wa débẹ̀, nítorí ilé Èkó wọ́n. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, àwọn onílẹ̀ ń pè wá ní ará Èkó, ìjìnlẹ̀ èdè wọn sì máa ń rú mi lójú, ó di ìgbà tí màmá àgbà kan lẹ́yìn ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi láti bá mi tàkúrọ̀sọ kí n tó di ẹni ibẹ̀. Mo wá rí i pé mo ti ṣe àlejò rí. Bí ẹnì kan bá fi àyè sílẹ̀ fún ẹ láti fèsì, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di onílé.

Ìrònú yìí kò ṣẹ̀yìn ohun tí bàbá sọ fún mi ní ọ̀sán kan. Ó ní lọ́jọ́ tí bàbá bàbá òun kọ́kọ́ dé yàrá ìgbohùn, ìwo kan ló yọ láti ara ògiri, kò sí nǹkan mìíràn. Ọkùnrin tó ń pa ẹgbẹ̀rin ènìyàn lẹ́rìn-ín kò rí ẹnì kan ṣoṣo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọgun mọ́ ìwo náà bí ẹni tó ń bá adití wí. Wọ́n gbà á, wọ́n dà á nù, wọ́n tún gbà á, wọ́n tún dà á nù. Ọ̀gá ibẹ̀ wá bi í pé, "Ta lo mọ̀ tó máa ń gbe orin yìí dáadáa?" Ó ní àbúrò òun obìnrin ni, ní ilé ìhunṣọ. Ọ̀gá ní, "Òun ló jókòó sẹ́yìn ìwo yẹn. Kọ ọ́ fún un, kó o sì dákẹ́ kó ráyè gbè é."

"Ibi tó dákẹ́ sí yẹn," bàbá ní, "láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún márùn-ún ni mo ti ń dáhùn."

Mo jókòó sórí àpótí ìtìsẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ Ìtùnú fún un, gìrì, nẹ́ẹ̀tì, abẹ́ tábìlì, gbogbo rẹ̀.

"Kọrin fún un, nígbà náà."

"Sà, télọ̀ ni mí."

"Oníbàtà ni bàbá bàbá mi."

Ní ọ̀sán Sátidé, mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi, mo gbé fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì gba ohùn mi sílẹ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, mo gbọ́ ara mi tí mò ń béèrè pé ṣé o ti jẹun. Mo pa á rẹ́. Nínú ìkejì, mo ti kọrin dé ìdajì kí n tó kìlọ̀ fún un pé ojú irin léwu, kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Mo pa á rẹ́. Ó di ìgbà kẹsàn-án kí n tó rí i bí ẹni tó jókòó síwájú mi, tó ń rẹ́rìn-ín. Orin náà nìyí, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́:

*Ewúrẹ́ Ìyá Rísì wọ rélùwéè l'Àgbàdo,*
*kò ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó jókòó s'ẹ́bàá wíńdò.*
*Gíwá rélùwéè dé, ó ní, "Ewúrẹ́, bọ́ sílẹ̀!"*
*Ewúrẹ́ gbójú sókè, ó ní…*

Mo ti sọ fún un níbẹ̀rẹ̀ pé ohun tí ewúrẹ́ wí ni, "Mi ò sọ̀kalẹ̀!" àti pé òun ni yóò máa bá ewúrẹ́ sọ ọ́. Mo dákẹ́. Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ikùn mi, kí n tó wọ ẹsẹ kejì.

Mo fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Ọjọ́ mẹ́ta, kò sí èsì. Ní ọjọ́ kẹrin, mo wà ní ìdáná bàbá nígbà tí ohùn kan wọlé. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án ni. Jẹnẹrétọ̀ ń dún níbẹ̀, orin mi ń jáde láti fóònù mìíràn, ó sì dé ibi tí mo ti dákẹ́. Ohùn kan tó ti nípọn ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ já lù ú: "Mi ò sọ̀kalẹ̀!" Ẹ̀rín tẹ̀ lé e. Ìyàwó mi kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé: "Ẹ̀ẹ̀méjìlá ló ti ní kí n tún un fi sí i. Orí ń fọ́ mi."

Bàbá ní kí n jẹ́ kí òun náà gbọ́. Ó tẹ́tí sí i, ó pa ojú dé, bí adájọ́.

"Ó tètè wọlé díẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lọ jìnnà. Bàbá bàbá mi ì bá gbà á síṣẹ́."

Láti ìgbà náà, ewúrẹ́ yẹn ti dé Ìjókò, ó ti jẹ fìlà gíwá, ó ti bá pásítọ̀ kan jà sí àga. Ṣùgbọ́n mo ń sọ òótọ́: Ìtùnú kò tíì wá sórí fóònù. Inú ìda nìkan la ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀, kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, mo kó ara mi ní ìjánu.

Ní Sátidé tó kọjá, mo wà nínú bọ́ọ̀sì ní àárọ̀, mò ń lọ sílé bàbá. Fóònù dún. Nọ́ńbà ìyàwó mi ni, kì í sì í pè mí ní àkókò yẹn.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ kú àárọ̀ sà." Ohùn kékeré ni. "Dádì, ẹ má sọ nǹkan kan o. Èmi ni mo fẹ́ kọ ọ́ lónìí. Ẹ̀yin lẹ máa gbè é."

"Mọ́mì ẹ dà?"

"Wọ́n ń sá aṣọ. Mo ní ẹ má sọ nǹkan kan!"

Mo panu mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ ti dé Ìfọ̀, wọ́n ti fi í sí ilé ìwé, wọ́n ní kó kàwé, ó jẹ ìwé. Tíṣà fa ẹgba yọ, ó ní kó bọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì. Láàárín rẹ̀, ọmọ náà wúkọ́, ẹ̀ẹ̀kan. Ìbéèrè mẹ́rin dé ẹnu mi lẹ́ẹ̀kan náà: láti ìgbà wo, ṣé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wà níbẹ̀, ṣé ara rẹ̀ gbóná, kí ló wọ̀? Mo gbé gbogbo wọn mì. Ó ń mí, mò ń gbọ́ ọ. Ó kọrin dé ìparí ẹsẹ náà, ó sì dákẹ́.

Bọ́ọ̀sì parọ́rọ́. Obìnrin kan ń ka ìwé níwájú mi. Ọkùnrin kan gbé ajá rẹ̀ lé itan.

"Dádì! Ó ti kàn yín!"

"Mi ò sọ̀kalẹ̀!" mo lọgun.

Ajá gbórí sókè. Awakọ̀ wò mí nínú díńgí. Ìtùnú rẹ́rìn-ín, ó ní mo pẹ́ kí n tó wọlé, kí n múra sí i, ẹsẹ kejì ń bọ̀. Ibi tí mo ti ń sọ̀kalẹ̀ yọ lọ́wọ́ òsì, mo rí ẹnu ọ̀nà ilé bàbá láti wíńdò. Mi ò tẹ bẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń dá bọ́ọ̀sì dúró. Ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ní ẹsẹ mẹ́fà ló wà níbẹ̀.